Ẹ Jẹ́ Kí Orúkọ Àwọn Bàbá Wa Wà Bí Wọ́n Ṣe Kọ Ọ́

Sí Olóòtú,

Mo kí yín kú iṣẹ́, mo sì kí gbogbo àwọn tó ń bá yín ṣe ìwé ìròyìn yìí. Lẹ́tà òǹkàwé kan tí ẹ tẹ̀ jáde ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ló mú mi gbé kálàmù. Òǹkàwé náà rọ gbogbo ìdílé Yorùbá tó ń gbé ní Òkè Ọya pé kí wọ́n yan ọ̀nà kan ṣoṣo tí wọn yóò máa gbà kọ orúkọ ìdílé wọn, kí wọ́n lọ búra ní kóòtù, kí wọ́n sì tún gbogbo ìwé tó wà lọ́wọ́ wọn ṣe, títí kan ti àwọn bàbá wọn àgbà. Mo mọ ohun tí ojú lè ti rí kí ènìyàn tó sọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ ní báńkì kò bá bá èyí tó wà lórí nọ́ńbà ìdánimọ̀ mu lóde òní, ìyà ni yóò jẹ ẹ́. Fún àwa tí a wà láàyè, ìmọ̀ràn náà dára. Ṣùgbọ́n tó bá kan ìwé àwọn tó ti lọ, mo bẹ̀bẹ̀ kí a dúró ná, nítorí pé ìyàtọ̀ tó wà nínú bí wọ́n ṣe kọ orúkọ wọn ni ipasẹ̀ tí àwọn ọmọ wọn yóò tọ̀ dé ilé.

Kàdúná ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ti ṣiṣẹ́ olùkọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ọmọ Ọ̀fà ni wá. Nígbà tí ojú irin tó ti Èkó bọ̀ gba ìlú wa kọjá, tó sì dé Jẹ́bà ní ọdún 1909, bàbá tó bí bàbá mi wà lára àwọn ọ̀dọ́ tó bá iṣẹ́ náà lọ. Ó bá wọn to irin dé Mínnà, ó gbé Sáríà fún ọdún díẹ̀, ó sì wá fìdí kalẹ̀ sí Kàdúná lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti kó olú-ìlú Àríwá kúrò ní Zungeru wá síbẹ̀ ní ọdún 1917. Bùráímọ̀ ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, òun náà ni gbogbo agboolé fi ń pè é títí ó fi kú. Àpótí onípákó tó kó ìwé rẹ̀ sí wà nílé wa títí di oṣù Kejì ọdún 2000, nígbà tí rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Kàdúná tí iná sì jó apá kan ilé wa. Ìwé mẹ́ta péré ló ṣẹ́ kù, nítorí pé inú Kùránì bàbá mi ni wọ́n wà, wọn kò sí nínú àpótí.

Ọ̀kan jẹ́ ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ Rélùwéè, "Braimah Offa" ni wọ́n kọ sí i. Èkejì jẹ́ rìsíìtì owó orí, "Ibrahim Bayarabe" ló wà níbẹ̀. Ẹ̀kẹta jẹ́ ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ bàbá mi, níbi tí orúkọ bàbá rẹ̀ ti di "Buraimoh". Bí àjèjì bá gbé ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síwájú, yóò ní ẹni mẹ́ta ni, a kò sì ní lè dá a lẹ́bi. Síbẹ̀ kò sí akọ̀wé kan tó purọ́ nínú wọn. Ẹni tó kọ "Bayarabe" fi èdè Hausa sọ pé ọmọ Yorùbá ni ọkùnrin yìí. Ẹni tó kọ "Offa" tẹ̀lé àṣà tí gbogbo ará Òkè Ọya mọ̀, pé ìlú ẹni ni wọ́n fi ń yà ẹni sọ́tọ̀ láàárín àwọn tó ń jẹ́ orúkọ kan náà, bí a ti rí i lára Aminu Kano àti Abubakar Tafawa Balewa. Ohun tí ìwé méjèèjì fún mi ju orúkọ lọ: ọ̀kan sọ èdè rẹ̀, èkejì sọ ìlú rẹ̀. Ká ní mo ti sọ gbogbo wọn di "Buraimoh" ní kóòtù, ẹ̀rí kan ṣoṣo tí a ní lórí ìwé ìjọba pé Ọ̀fà ni bàbá wa ti wá ì bá ti parẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré fún àwa tí a bímọ sí Òkè Ọya, nítorí pé ọmọ tí wọ́n bí ní Kàdúná tí òbí rẹ̀ sì dàgbà ní Kàdúná yóò ṣì ní láti mú ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ wá láti ìlú baba rẹ̀ kó tó wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga tàbí iṣẹ́ ìjọba, ohun àkọ́kọ́ tí wọn yóò sì bi í níbẹ̀ ni agboolé rẹ̀.

Orúkọ Ibrahim fúnra rẹ̀ ti rin ìrìn àjò kó tó dé ẹnu wa. Ahọ́n Yorùbá kì í gbà kí kọ́ńsónáǹtì méjì dì mọ́ra, nítorí náà ni fáwẹ́lì ṣe wọ àárín b àti r, tí fáwẹ́lì ìbẹ̀rẹ̀ sì bọ́ sílẹ̀, tí a fi ní Bùráímọ̀. Àwọn akọ̀wé tó kọ́kọ́ bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ Sàró, ìyẹn àwọn tó ti Sierra Leone padà wá sílé, fẹ́ràn láti máa fi h parí orúkọ, bí Buraimoh, Braimoh àti Braimah ṣe délẹ̀ nìyẹn. Ọ̀nà yìí kan náà ni Usman gbà di Sùnmọ́nù, tí Abubakar di Bàkárè, tí Idris di Dísù, tí Abdulhamid sì di Làmídì. Ẹni tó ń jẹ́ Sùnmọ́nù nínú ilé ní Sabon Gari, àdúgbò àwọn àlejò, lè jẹ́ Usman lọ́dọ̀ alkálì, adájọ́ àwọn mùsùlùmí, lọ́jọ́ kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ wá bàbá rẹ̀ àgbà ní Òkè Ọya gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jókòó, kí ó kọ gbogbo ìrísí tí orúkọ náà lè gbé wọ̀ lẹ́nu Yorùbá, lẹ́nu Hausa àti lọ́wọ́ akọ̀wé òyìnbó sílẹ̀ sórí ìwé kan. Ọmọ mi tó wà ní Amẹ́ríkà gbìyànjú láti fi kọ̀ǹpútà ṣe iṣẹ́ yìí fún mi. Ó ní wọ́n ní ọ̀nà kan níbẹ̀ láti ọdún 1918, tí wọ́n ń pè ní Soundex, tó ń sọ orúkọ di lẹ́tà kan àti nọ́ńbà mẹ́ta kí àwọn tó bá jọ ara wọn létí lè bọ́ sójú kan náà. Lóòótọ́, Braimah àti Buraimoh bọ́ sójú kan, B650 ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n ọ̀nà náà kì í fọwọ́ kan lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà Ibrahim di I165, kò sì sí bí ẹ̀rọ náà ṣe lè mọ̀ pé ẹnìkan ṣoṣo ló ni gbogbo wọn. Etí ọmọ Yorùbá ló lè mọ ìyẹn.

Àwọn orúkọ Yorùbá gan-an ní ìtàn tiwọn. Ajayi Crowther tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní ọdún 1843. Ní 1875, àwọn àjíhìnrere CMS, ìyẹn ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà, pàdé ní Èkó láti fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ ẹ, ọ àti ṣ. Ọdún 1974 ni ìjọba tó fọwọ́ sí àkọtọ́ tó sọ "aiye" di "ayé", tó sì ní kí a má ṣe kọ kọ́ńsónáǹtì ní méjì-méjì mọ́. Ohun tó jẹ́ kí a máa rí Offa, Jebba, Otta, Ilesha àti Ogbomosho lórí ìwé àtijọ́ nìyẹn. Crowther fúnra rẹ̀, ẹni tó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù tí iṣẹ́ rẹ̀ sì dé Lọ́kọ́ja, "Adjai" ni wọ́n kọ ọ́ nínú àwọn ìwé kan, ó sì jẹ́ "Ajai" nínú òmíràn. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àwọn akọ̀wé kò ní àmì abẹ́ lẹ́tà, nítorí náà ni ẹ̀gbọ́n ṣe di Adesina tí àbúrò di Adeshina. Bó bá jẹ́ ọmọ Hausa ló ń gbọ́ orúkọ náà, gb kò sí nínú èdè tirẹ̀, ẹ kò sì yàtọ̀ sí e, ohun tí etí rẹ̀ bá gbà ni yóò kọ. Kódà Ọ̀yọ́-Ilé, olú-ìlú ńlá nì, "Katunga" ni Clapperton, òyìnbó arìnrìn-àjò tó dé ibẹ̀ ní 1826, kọ sínú ìwé rẹ̀, torí pé bí àwọn Hausa ṣe ń pè é nìyẹn. Bí orúkọ ìlú ọba bá lè yí padà tó báyìí lọ́wọ́ àlejò, kí ni a fẹ́ sọ nípa òṣìṣẹ́ ojú irin kan tí kò mọ̀wé?

Ohun tó tún le ju èyí lọ ni pé orúkọ ìdílé gan-an jẹ́ àlejò láàárín wa. Orúkọ àbísọ, oríkì, orúkọ agboolé àti oríkì orílẹ̀ ni Yorùbá mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́, ìjọ àti iṣẹ́ ìjọba ló béèrè pé kí olúkúlùkù ní orúkọ kan tí yóò máa gbẹ̀yìn tirẹ̀. Ẹlòmíràn mú orúkọ bàbá rẹ̀, ẹlòmíràn mú ti bàbá bàbá rẹ̀, ẹlòmíràn mú oríkì. Àbúrò bàbá wa àgbà, Àlàó, tó fìdí kalẹ̀ sí Mínnà, mú orúkọ bàbá tiwọn, Ṣàngódélé, fi forúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́, "Shangodele" sì ni olùkọ́ kọ. Nígbà tí àwọn ọmọ náà dàgbà, wọn kò fẹ́ kí orúkọ òrìṣà máa ṣíwájú tiwọn mọ́, wọ́n sì sọ ọ́ di Ọládélé, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti sọ Ifá àti Ògún tó wà níwájú orúkọ wọn di Olú. N kò bá wọn jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọmọ ìyá kan náà, bàbá kan náà: ìran ọ̀kan ń jẹ́ Buraimoh ní Kàdúná, ìran èkejì ń jẹ́ Oladele ní Mínnà, ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ìlú méjèèjì ni àwọn bàbá wọn jọ la ọ̀nà rẹ̀, síbẹ̀ a kò mọ ara wa fún ohun tó lé ní ogójì ọdún.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì ni mo lọ sí National Archives, ilé tí ìjọba ń kó ìwé àtijọ́ pamọ́ sí, tó wà ní Kàdúná níbí. Ọdún 1954 ni ìjọba dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ látàrí akitiyan Ọ̀jọ̀gbọ́n Kenneth Dike, Ìbàdàn, Ẹnúgu àti Kàdúná ni wọ́n sì pín ìwé sí. Ohun tí púpọ̀ nínú wa kò fi sọ́kàn ni pé abẹ́ Àríwá ni Ìlọrin, Ọ̀fà àti ilẹ̀ Ìgbómìnà wà lásìkò òyìnbó, nítorí náà Kàdúná ni àwọn fáìlì Ẹkùn Ìlọrin wà, tí wọ́n fi àmì Ilorprof sí lára, ti Kàbà, Yàgbà àti Ìjùmú sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ lè gba Ìbàdàn lọ. Ṣùgbọ́n mo ti rí ọmọ Ọ̀fà tó lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko ní Ìbàdàn, tó sì padà wá sọ fún wa pé òyìnbó kò kọ nǹkan kan nípa àwọn bàbá rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń wá "Buraimoh" níbẹ̀ tí n kò rí i. Àgbàlagbà òṣìṣẹ́ kan, ọmọ Hausa, ló ṣàánú mi, ó ní kí n fi orúkọ ènìyàn sílẹ̀, kí n máa wá ìlú rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ló yí gbogbo nǹkan padà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí "Offa" bá ti wà pẹ̀lú Rélùwéè, mo sì bá ìwé ẹ̀bẹ̀ kan pàdé, tí àwọn àlejò tó ń gbé ní Sáríà kọ sí ajẹ́lẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, tí wọ́n sì tẹ ìka sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Láàárín àwọn ìka náà ni mo ti rí "Braima Offa", lẹ́yìn rẹ̀ gan-an ni "Alao Shango Dele", tí akọ̀wé pín orúkọ rẹ̀ sí méjì bí ẹni pé Shango ni orúkọ rẹ̀ tí Dele sì jẹ́ ti bàbá rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ wọn pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Mo jókòó tì í fún ìgbà pípẹ́. N kò gbọ́ orúkọ Ṣàngódélé rí nínú ilé wa, nítorí pé bàbá wa àgbà ti di mùsùlùmí pátápátá, kì í sì í mẹ́nu bà á.

Orúkọ yẹn ni mo mú lọ sí Ọ̀fà. Ẹ̀rí tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ kò ti ọ̀dọ̀ ọkùnrin wá. Ìyàwó ilé kan ló ti wá, ìyá àgbà tó ti ń ki àwọn ọmọ agboolé náà láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e wọlé. Gbogbo ọmọ Ọ̀fà ló ń jẹ́ ọmọ Ìyẹ̀rú Ọ̀kín, ọmọ Olófà Mọjọ̀, nítorí náà ìyẹn nìkan kò tó láti fi dá ìdílé mọ̀. Ìlà tó kan agboolé nìkan, èyí tó dárúkọ iṣẹ́ wọn, èèwọ̀ wọn àti ibi tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀dó sí, ni mo ní kí ìyá náà kì fún mi, mo sì gbà á sórí fóònù. Ó sọ fún mi pé Àlàó lọ sí Mínnà, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti "fi Ọlá bo Ṣàngó". Nígbà tí mo dé Mínnà, tí mo fi ohùn náà sí i létí ìdílé Oladele, obìnrin tó dàgbà jù nínú wọn gbà á lẹ́nu fóònù, ó sì kì í débi tí ìyá Ọ̀fà kò kì í dé. Kò sí kóòtù tó lè fún wa ní irú ẹ̀rí yẹn.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òdìkejì rẹ̀ náà, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣìnà. Bí sípẹ́lì tó yàtọ̀ kò ṣe sọ pé ẹ̀jẹ̀ yàtọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni sípẹ́lì tó bára mu kò sọ ẹnikẹ́ni di ẹbí. Yorùbá ń jẹ́ Bello, Fúlàní ń jẹ́ Bello. Sanni àti Lawal pọ̀ ní Ìbàdàn bí wọ́n ṣe pọ̀ ní Kàtsínà. Ẹni tó bá rí orúkọ bàbá rẹ̀ lórí ìwé àtijọ́ ní Kánò gbọ́dọ̀ ṣì wá ìlú, iṣẹ́, ọdún àti orúkọ ìyá, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọmọ ẹlòmíràn ní àbúrò.

Ohun tó ń dùn mí jù lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ sọ báyìí. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan wà ní ọ̀kan nínú àwọn ìlú Òkè Ọya, n kò ní dárúkọ wọn, tí wọ́n ní ìwé ńlá kan tí wọ́n ti ń kọ orúkọ àwọn tó bá dé láti ilé sí, láti ìgbà ayé àwọn bàbá wa. Àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ náà fẹ́ ṣe ohun tó dára, wọ́n da gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n tún orúkọ kọ̀ọ̀kan kọ ní àkọtọ́ òde òní, wọ́n yọ "Offa", "Ilorin" àti "Ikirun" tó wà lẹ́yìn orúkọ kúrò nítorí pé wọ́n ní kì í ṣe orúkọ ìdílé, wọ́n sì ju ìwé àtijọ́ tí ikán ti jẹ etí rẹ̀ dànù. Ojú ẹkún ni mo fi kúrò níbẹ̀. Àkójọ tuntun náà mọ́, ó sì rẹwà, ṣùgbọ́n Sùnmọ́nù mọ́kànlá ló wà nínú rẹ̀ báyìí tí ẹnikẹ́ni kò lè yà sọ́tọ̀ mọ́. Ẹ rántí pé ọdún 1992 ni òfin tó gbé ìforúkọsílẹ̀ ìbí àti ikú lé Àjọ Ìkànìyàn lọ́wọ́ jáde. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn bàbá wa tó kú ní Òkè Ọya kò ní ìwé ìbí, wọn kò ní ti ikú. Irú ìwé ẹgbẹ́ báyìí, ìwé ìrìbọmi ìjọ àti ìwé ìgbéyàwó mọ́ṣáláṣí ni ibi tí wọ́n wà.

Nítorí náà, mo bẹ àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́, ìjọ àti mọ́ṣáláṣí pé bí ẹ bá ń da ìwé àtijọ́ sínú kọ̀ǹpútà, ẹ kọ orúkọ náà bí ẹ ṣe bá a, pẹ̀lú gbogbo àṣìṣe tó wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì wá kọ èyí tí ẹ rò pé ó tọ́, tòun ti àmì ohùn, sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò ojú ìwé náà pẹ̀lú. Mo sì bẹ ẹ̀yin olóòtú, nítorí pé ẹ̀yin náà ń tẹ ìkéde ìyípadà orúkọ jáde: ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa béèrè pé kí ẹni tó ń yí orúkọ padà kọ orúkọ àtijọ́ ní kíkún, kí ó fi ìlú àti agboolé rẹ̀ sí i. Ìlà kan péré ni yóò fi gùn sí i. Ká ní àwọn ìbátan wa ní Mínnà ti kọ irú ìlà bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n kúrò ní Shangodele, bàbá mi ì bá ti fojú kan àwọn ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀ kó tó kú.

Ẹnìkan ṣì kù tí mo ń wá. Bàbá wa àgbà ní àbúrò obìnrin kan, Ràbíátù, oríkì rẹ̀ ni Àbẹ̀kẹ́. Ó wọ ọkọ̀ ojú irin kékeré tó ń ti Sáríà lọ sí ilẹ̀ kùsà Bukuru, ó ń ta oúnjẹ fún àwọn tó ń wa tánganran, wọ́n sì ní ó fẹ́ ọkọ síbẹ̀. Obìnrin ṣòro láti wá lórí ìwé ju ọkùnrin lọ, nítorí pé orúkọ ọkọ tàbí ti àkọ́bí ni wọ́n máa ń fi bò ó. Ibi kan ṣoṣo tí mo ti rí ohun tó jọ ọ́ ni ìlà Hausa kan tó kà pé "Rabi matar Sule", ìyẹn Ràbí ìyàwó Sule. Bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn òǹkàwé yín ní Jọ́ọ̀sì, Bukuru tàbí agbègbè rẹ̀ bá ní ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Ràbíátù, Rabi, Rabiatu, Rabiyatu tàbí Ìyá Ọ̀fà, tí wọ́n sì máa ń kì í ní Àbẹ̀kẹ́ ọmọ Ìyẹ̀rú Ọ̀kín, mo bẹ̀ ẹ́ kí ó kọ̀wé sí yín, kí ẹ sì bá mi fi jíṣẹ́.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Tudun Wada, Kàdúná.